Orúkọ Karùn-ún

Oko Rọ́bà, Selangor, Màláyà
Ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, 1941

Ẹ̀gbọ́n mi Sornammal,

Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí tí Kathirvel ti fi wá sílẹ̀. Wáyà tí mo tẹ̀ sí yín kò gbà ju ọ̀rọ̀ mẹ́fà lọ, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ikú, ẹ ò tíì gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àmúmọ́ra. N kò mọ ìkíni tí ènìyàn fi ń kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sí ẹ̀yìn òkun, ẹ bá mi gba èyí tí mo rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi kálàmù jẹun nínú oko yìí, n kì í sì í fa ìwé ya.

Láti oṣù Kẹrin ni àwọn òṣìṣẹ́ oko gbogbo ní agbègbè yìí ti yan iṣẹ́ lódì. Wọ́n ní kí owó àwọn dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n jọ ń gba oje rọ́bà. Wọ́n ní kí wọ́n kọ́ ilé ìwé gidi fún àwọn ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò ní máa sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mọ́ nígbàkigbà tí òyìnbó tàbí ọmọ ọ́fíìsì bá ń kọjá. Ìjọba ní àwọn kan láti ìgboro ló ń tàn wọ́n. Dípò kí wọ́n rán ẹni tí yóò bá wọn jókòó wá, ṣójà ni wọ́n rán, ará India bíi tiwa, láti ìhà àríwá lọ́hùn-ún, tí wọn kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa.

Ní àárọ̀ Sátidé kan wọ́n wá kó ènìyàn márùn-ún nínú oko wa. Àwọn obìnrin jókòó sójú ọ̀nà kí lọ́rì má lè kọjá. Wọ́n yìnbọn. Ènìyàn mẹ́rin ló kú, Kathir sì wà nínú wọn. Ìbọn kì í béèrè orúkọ. Kò jìyà pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́pàá ló sin wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, lẹ́yìn ojú irin. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, èmi ni mo gbé ìrẹsì àti omi kalẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí àbúrò ìyá rẹ̀.

Mo fi ẹrù rẹ̀ rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Ẹ̀wù méjì ni, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, àti ìwé tó fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ ohun mìíràn fún yín, ẹ má gbọ́. Mo wà níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Masilamani


Karisalpatti
Ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà, 1941

Masilamani, ọmọ ìyá mi,

Tíṣà Ayyadurai ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí mo bá wí i, kó kọ ọ́.

O kí mi, mo dúpẹ́. Mò ń jẹun nítorí àwọn obìnrin àdúgbò máa ń jókòó tì mí títí n ó fi gbé e mì. Ẹrù dé. Àwọn ẹ̀wù náà mọ́, wọ́n ń ta òórùn ọṣẹ. Ta ló ní kí o fọ̀ wọ́n? Ọdún mẹ́rin ni n kò fi gbóòórùn ọmọ mi, o wá fi ọṣẹ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà ka lẹ́tà rẹ fún mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo sunkún. Nígbà kejì, mo gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà kẹta, mo gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀.

O ní àwọn obìnrin ló jókòó sójú ọ̀nà. Kí ni Kathir ń ṣe níbẹ̀? Ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ ìjà. Bí àgbò méjì bá ń kan ara wọn, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí, ìwọ fúnra rẹ lo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. O tún ní o wà níbẹ̀. Apá ibo lo dúró sí? Tíṣà ní ìbéèrè yìí le jù. Mo ní kó kọ ọ́.

Ohun mìíràn wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lẹ́tà tí Kathir kọ sí mi kẹ́yìn, lẹ́yìn ayẹyẹ ìkórè, mo ti ní kó sọ bí o ṣe wà fún mi. Ó fèsì pé, “Akọ̀wé wà dáadáa.” Akọ̀wé. Kò pè ọ́ ní àbúrò ìyá òun. Mo rò pé àwàdà ni. Ǹjẹ́ ẹ jà? Bí ẹ bá jà, sọ fún mi. Kò sí ìjà tí n kò lè gbọ́ nísinsìnyí.

Bu erùpẹ̀ orí ibojì rẹ̀ sínú agolo kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má fọ̀ ọ́.

Èmi,
Sornam


Oko Rọ́bà, Selangor
Ọjọ́ 14, oṣù Keje, 1941

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Erùpẹ̀ náà wà nínú agolo bísíkíìtì tó bá lẹ́tà yìí rìn. Òjò ti rọ̀ sí i, ẹ má bínú. Ní ti ẹ̀wù, ẹ̀jẹ̀ ló wà lára ọ̀kan. N kò mọ bí mo ṣe lè fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ìyá.

Ẹ béèrè bóyá a jà. Kì í ṣe ìjà. Òfin kan wà níbí, ó ti wà kí n tó dé: bí òṣìṣẹ́ bá gun kẹ̀kẹ́ tó pàdé òyìnbó, tàbí akọ̀wé, tàbí ẹni tó ń ṣọ́ wọn lóko, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ títí yóò fi kọjá. Èmi náà ń sọ̀ kalẹ̀ fún òyìnbó. Bí ayé ibí ṣe rí nìyẹn.

Kathir ra kẹ̀kẹ́ ní oṣù Kìíní. Ní ọjọ́ Sunday kan, èmi àti àwọn ará ọ́fíìsì jókòó níwájú ilé mi, à ń mu tíì. Ó gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó lu agogo rẹ̀ gbọn-ín gbọn-ín, ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, àbúrò ìyá mi,” ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó ní, “Akọ̀wé, a ò mọ̀ pé o ti di igi rọ́bà. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mo pè é padà. Mo ní kó lọ títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, kó sì fi ẹsẹ̀ rìn, kó máa fa kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ níwájú wa. Ó ṣe é. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó béèrè pé, “Ṣé ó tán?” Mo ní ó tán. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, à bá ti parí rẹ̀ ká ní ó wà láàyè. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ẹnu géètì ni mo dúró sí, níbi tí iṣẹ́ mi fi mí sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀fọ̀ máa wá ọ̀daràn kiri inú ilé. Ìjọba ló ní ìbọn.

Àbúrò yín,
Masilamani


Karisalpatti
Ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ, 1941

Masilamani,

Irulappan wá sílé mi. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó ní àpá ní àgbọ̀n. Ìjọba yín kó òun àti àwọn ọgọ́rùn-ún mìíràn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì já wọn sí èbúté Nagapattinam pẹ̀lú aṣọ tó wà lára wọn. Wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ padà sí Màláyà mọ́ láéláé. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bu omi fún un, kò gbà á. Ó dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé òun wá, pé bí mo bá gbọ́ ọ tán, ó lè jẹ́ pé n kò ní fẹ́ fún òun lómi mọ́.

Ó ní Kathir kò jókòó sójú ọ̀nà. Inú lọ́rì ló wà. Òun ni ẹnì karùn-ún nínú àwọn márùn-ún tí wọ́n wá kó. Okùn kan náà ni wọ́n fi so òun àti Irulappan lọ́wọ́ pọ̀. Ó ní nígbà tí ọmọ mi ṣubú, okùn náà fa òun ṣubú tẹ̀ lé e, òun sì wà lórí rẹ̀ títí ìbọn fi dákẹ́.

Masilamani, o kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì. O jẹ́ kí n máa ronú nípa ojú ọ̀nà tí ọmọ mi kò jókòó sí.

Ó ní inú ìwé kan ni ọ̀gá ọlọ́pàá ti ka orúkọ wọn. Irulappan kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní òun mọ ìkọ̀wé rẹ, pé gbogbo òṣìṣẹ́ oko ló mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni wọ́n ń rí lára ìwé ìkéde tí o ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní òròòwúrọ̀. Ó ní àwọn lẹ́tà rẹ máa ń tẹ̀ síwájú bí ìrẹsì tó gbó. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, “Ìyá, mo rìn fún ọjọ́ mẹ́fà. Ta ni í fi ẹsẹ̀ rìn bẹ́ẹ̀ nítorí irọ́?”

Mo fún un lómi. Mo fún un lóúnjẹ pẹ̀lú.

N kò ní fi ohun tó sọ sí rere rẹ pamọ́. Ó ní nígbà tí wọ́n ní kí o bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀, o kò jágbe mọ́ wọn bí o ṣe máa ń ṣe. O fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n, bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun. Ó ní ohun rere kan ṣoṣo tí òun lè jẹ́rìí sí nípa rẹ nìyẹn. Mo ti di ìyẹn mú.

Orí itan rẹ ni mo gbé Kathir sí lọ́jọ́ tí wọ́n dá etí rẹ̀ lu. Ẹ̀jẹ̀ kán sí aṣọ rẹ, o ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ bọ́ ọ ní ìrẹsì. Nítorí náà, ìwọ ni mò ń bi, n kò bi ẹlòmíràn: ṣé ìwọ lo kọ orúkọ ọmọ mi? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Má kọ ojú ewé mẹ́ta sí mi.

Sornam


Karisalpatti
Ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, 1941

Masilamani,

Lẹ́tà kò dé. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti ń sá wọ ẹ̀yìn ilé bó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán. Tíṣà ní ogun ló ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Mo ní ogun kọ́, àbúrò mi ni.

Mo ti rò ó. Ìwọ nìkan ló kù fún mi lẹ́yìn tí ìyá àti bàbá wa lọ, tí bàbá Kathir lọ, tí Kathir náà lọ. Bí o bá kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́” sí mi, n óò gbà ọ́ gbọ́. N óò gbà ọ́ gbọ́ ju Irulappan tó fi ẹsẹ̀ rìn wá. N kò ní bi ọ́ léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà ti gbé kálàmù sílẹ̀, ó ń wò mí, ó ní ṣé kí òun kọ ìyẹn náà. Mo ní kó kọ ọ́.

Sornam


Oko Rọ́bà, Selangor
Ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, 1941

Ẹ̀gbọ́n mi Sornammal,

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ẹ ní kí n má kọ ojú ewé mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ èyí tó kù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún yín.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀gá oko àti ọ̀gá ọlọ́pàá pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ìjọba ń fẹ́ orúkọ àwọn aṣáájú, márùn-ún láti oko kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin wà lẹ́nu wọn, wọ́n pè é, mo kọ ọ́. Kò sí ìkarùn-ún. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní ìwé kò lè lọ pẹ̀lú mẹ́rin, pé èmi tí ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi ni kí n wá ẹnì kan. Mo béèrè ohun tí wọn yóò fi wọ́n ṣe. Wọ́n ní wọn yóò fi ọkọ̀ kó wọn padà sí India ni. Mo kọ Kathirvel.

Mo sọ fún ara mi pé mò ń fi í ránṣẹ́ sí yín, kí ìyọnu tó dé bá a, pé kí oṣù tó parí yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín, tí ẹ óò máa bá a wí pé ó ti rù. Mo ronú bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́, agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ létí, àti ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ mi. Inú mi dùn díẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí taàdáwà náà kó lè gbẹ dáadáa. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú èrò méjèèjì. Mo ti ń wọ̀n wọ́n láti oṣù márùn-ún, n kò tíì mọ̀.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí ni Irulappan kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ti so àwọn márùn-ún sínú lọ́rì, tí àwọn obìnrin sì jókòó, ọ̀gá ọlọ́pàá ka àṣẹ ìjọba ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn kà á ní èdè Màléè. Wọ́n wá gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n sọ ọ́ ní Támìlì. Àṣẹ náà kò gùn. Ó ní kí wọ́n túká láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, pé lẹ́yìn ìyẹn ṣójà yóò yìnbọn pa ẹni tó bá kù.

Ẹ mọ ohùn mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń pe orúkọ lórí pápá yẹn ní ìdájí, tí mò ń jágbe mọ́ ènìyàn tó tó bí mi lọ́mọ. Bí mo bá kígbe, wọ́n ń gbọ́ ọ létí odò. Ṣùgbọ́n Kathir dìde dúró nínú lọ́rì, ó ń wò mí. Ojú tì mí. Ojú tì mí láti jágbe níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ pé èmi náà lè sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ yìí á yanjú.” Ohun tí mo sọ nìyẹn. N kò dárúkọ ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò dárúkọ ìbọn. Mo rò pé bí mo bá bẹ̀ wọ́n dáadáa, kò ní sí ìdí láti dárúkọ rẹ̀.

Nallamma, ìyá àgbà tó ń gbé ìkókó fún àwọn tó lọ sóko, ló jókòó níwájú pátápátá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn tó kù, ó ní, “Ẹ ò rí i? Akọ̀wé ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbà wo ni Akọ̀wé bẹ ènìyàn rí? Wọ́n ti rán an pé kó wá bẹ̀ wá ni, a ti borí. Ẹ jókòó dáadáa.”

Wọ́n sì jókòó dáadáa. Àwọn tó ti fẹ́ dìde pàápàá padà jókòó. Ẹlòmíràn tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fún un lọ́mú. Ọ̀gá ọlọ́pàá ń wo aago rẹ̀. Mo rí i tó ń wò ó. Ẹnu mi kò ṣí. Ìyókù ẹ ti mọ̀. Nallamma wà nínú àwọn mẹ́rin náà. Ọta tó pa Kathir gba orí àwọn tó jókòó kọjá ni, nítorí òun wà ní ìdúró.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun rere tí Irulappan jẹ́rìí sí, tí ẹ ní ẹ dì mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló pa wọ́n. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n jágbe láyé mi, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹfà, àwọn òyìnbó mẹ́ta wá jókòó ìwádìí ní ìlú. Wọ́n bi mí bóyá mo ka àṣẹ náà fún wọn ní èdè wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ṣé gbogbo rẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀, sà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ ìkìlọ̀ yékéyéké, wọ́n sì kọ etí dídi sí i, nítorí náà kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹnikẹ́ni àfi àwọn tó kú. Nígbà tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ sí yín ní oṣù Keje, mo ti sọ èyí fún wọn tán.

Nígbà tí lẹ́tà yín tó kẹ́yìn dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ ní bí mo bá pa irọ́ ẹ óò gbà á, mo jókòó tì í di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà mo kọ ìwé kan pé n kò ka àṣẹ náà tán, pé àwọn tó jókòó kò mọ̀ pé wọn yóò yìnbọn. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, Támìlì bíi tèmi, kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tì í padà sí mi. Ó ní, “Bọ̀dá, wọ́n ti pa fáìlì yẹn dé. Ṣé nítorí pé o ò rí oorun sùn ni ìjọba á fi ṣí i? Lọ sílé, lọ jẹun.” N kò bínú sí i. Èmi náà ni mo máa sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Kí n tó padà, ọ̀gá oko ti gbọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ àti ilé lọ́wọ́ mi. Yàrá kan ni mo wà báyìí nínú ilé gígùn àwọn òṣìṣẹ́, mo sì ń gba oje rọ́bà. N kò mọ̀ ọ́n ṣe, mò ń ṣá igi léṣe. Kò sẹ́ni tó ń kí mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

N kò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì, n kò sì retí èsì. Mo ti tún ìwé náà kọ láàárọ̀ yìí, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Támìlì, pẹ̀lú orúkọ àwọn mẹ́rin tó kú àti orúkọ èmi tí mo pa irọ́. Wọn yóò tún tì í padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, n óò tún un kọ, n óò sì tún un gbé lọ.

Masilamani